Ta ni yóò dúró bíi bàbá fún un? Èsì fún ìyá kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lé ní ọdún kan tí ọkọ mi ti dolóògbé. Ọmọ 2 ló fi sílẹ̀: obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé Èkó ní kí n jẹ́ kí ọmọkùnrin máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé obìnrin kì í dá tọ́ ọkùnrin kó yanjú. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbí ní Ìbàdàn, kò tíì gbéyàwó, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó sì ní òun ṣe tán láti dúró bíi bàbá fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí ọmọkùnrin mi má bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n ní kí àbúrò mi máa ṣe gan-an?"

Ẹ kú àmúmọ́ra, ìyá àwọn ọmọ. Ọlọ́run á dá yín sí fún wọn. Èsì kúkúrú rèé: ẹ má gbé ọmọ lọ sí Èkó báyìí. Ẹ gba àbúrò yín láàyè, àmọ́ kó tó ṣèlérí ohunkóhun fún àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ àti wákàtí tó lè yọ̀ǹda láìyẹ̀. Ohun tí bàbá máa ń fi sára ọmọ tí kì í kúrò títí ọmọ náà á fi di àgbà, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tó sọ fún un tàbí ẹgba tó fi nà án. Ọmọ mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, ẹni náà sì dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́, tí a bá kó ọ̀pọ̀ ọmọ jọ wò, àwọn tí òbí kan dá tọ́ máa ń ní ìṣòro ju àwọn tí òbí méjèèjì jọ tọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sara McLanahan àti Gary Sandefur, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tú àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1994, wọ́n rí i pé tó bá di ọ̀rọ̀ ká parí ilé-ìwé girama, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà nílé. Àwọn tí òbí wọn kọra wọn sílẹ̀ tàbí tí òbí wọn kò fẹ́ra wọn rárá ni wàhálà ọ̀hún pọ̀ fún jù. Wọ́n tún wádìí ohun tó fà á: owó tó já wálẹ̀ nínú ilé kó nǹkan bí ìdajì, kíkó kiri láti àdúgbò kan dé òmíràn sì kó púpọ̀ nínú èyí tó kù. Àìsí ọkùnrin nínú ilé nìkan kọ́ ló ń ba ọmọ jẹ́.

Ẹ wá ro ọ̀rọ̀ Èkó yẹn wò. Ọmọ ọdún 9 tó ti pàdánù bàbá, á tún fi ìyá, ẹ̀gbọ́n, ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ àti ibùsùn tó mọ́ ọn lára sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lójú àgbà, wọ́n mú un lọ kọ́ ìwà ọkùnrin. Lójú tirẹ̀, bàbá mi lọ, màmá mi náà sì ní kí n máa lọ. Ọmọ mìíràn kò ní sọ ọ́ jáde. Ẹ kàn máa gbọ́ pé ó ti ń tọ̀ sórí ibùsùn, tàbí pé ó ń jalè ẹja nínú ọbẹ̀, wọ́n á sì ní orí kunkun ni.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀ kàn yín tààrà. William Worden àti Phyllis Silverman tẹ̀ lé ọmọ 125 láti ilé 70 ní agbègbè Boston fún ọdún 2 lẹ́yìn tí bàbá tàbí ìyá wọn kú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, bí òbí tó kù ṣe ń ṣe sí ni ó fi hàn jù lọ bí ọmọ yóò ṣe rí: ṣé ó ń sùn, ṣé oúnjẹ ń délẹ̀ lásìkò, ṣé aago tí wọ́n ń jí ní ọjọ́ Mọ́ńdè àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń jí. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àbúrò yín lè ṣe bíi bàbá lè má kan ọmọ rárá. Kó bá yín to ìlà epo, kó bá yín lọ sí bánkì lórí ọ̀rọ̀ àkáǹtì olóògbé, kó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ yín fún wákàtí 3, kí ẹ fi sùn. Kì í ṣe pé ẹ ń gbé àwọn ọmọ tì í. Ìyá tó sùn ló ní sùúrù.

Ǹjẹ́ ẹni tí kì í ṣe bàbá tó bí ọmọ lè di bàbá lọ́kàn ọmọ? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé gbogbo ọmọ 698 tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1955, láti inú oyún títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìṣòro yí ká láti kékeré, ìṣẹ́, àìsàn òbí, ìjà inú ilé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló dàgbà di ènìyàn tó ń ṣe dáadáa. Lára ohun tó jọ so wọ́n pọ̀ ni pé olúkúlùkù wọn ní ó kéré tán àgbàlagbà kan tó dì wọ́n mú, ó sì lè jẹ́ bàbá àgbà, aládùúgbò tàbí olùkọ́. Àgbàlagbà kan ni mo wí o. Mo rí i káàkiri pé tí ọkọ bá kú, ọkùnrin 5 ló máa dìde níbi òkú tí wọ́n á ní "àwa ni bàbá wọn báyìí". Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, kò sí ìkankan nínú wọn mọ́. Ẹnì kan tó dúró sàn ju wọn lọ.

Dídúró yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ bá àbúrò yín sọ dáadáa. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Big Brothers Big Sisters, tó máa ń so ọmọ pọ̀ mọ́ àgbà kan tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò. Jean Grossman àti Jean Rhodes yẹ àwọn ọmọ ọdún 10 sí 16 wò nínú ètò náà, èsì wọn sì jáde ní 2002. Àwọn tí tiwọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí tiwọn tú ká kó tó pé oṣù 3, ọ̀wọ̀ tí olúkúlùkù wọn ní fún ara rẹ̀ ṣe ni ó wálẹ̀. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì tó sì pòórá, ì bá má tilẹ̀ wá. Fún ọmọ tí ikú ti já jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tún lágbára sí i.

Ẹ pe àbúrò yín jókòó kí àwọn ọmọ tó gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bi í: ṣé ó ní lọ́kàn láti jápa láàárín oṣù 12 tó ń bọ̀? Ṣé ìgbéyàwó ń bọ̀, ṣé ìyàwó àfẹ́sọ́nà mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí? Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ kì í sábà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́? Kó má sọ pé "n ó máa yà wò wọ́n". Kó sọ pé Sátidé kìíní àti ìkẹta, aago 9 sí aago 12. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù tí kì í yẹ̀ dára ju ẹ̀ẹ̀mẹrin tí méjì ń yẹ̀ nínú rẹ̀. Kó wá fi ìpè fóònù kún un, alẹ́ Wẹ́sídè, ìṣẹ́jú 10, kó bá obìnrin sọ̀rọ̀, kó bá ọkùnrin sọ̀rọ̀, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Tí ó bá ní ọ̀ràn pàjáwìrì, òun fúnra rẹ̀ ni kó pe ọmọ kí aago tó lù, kó sì dá ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ máa bá a tọrọ gáfárà.

Nǹkan kan sì wà tí àwọn ọkùnrin kì í sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yẹra nítorí pé àpò gbẹ. Ojú ń tì wọ́n láti wá lọ́wọ́ òfo. Ẹ tètè là á yé e pé tí ó bá ní owó ilé-ìwé tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ rẹ̀, a dúpẹ́, àmọ́ Sátidé tí kò ní ju owó mọ́tò lọ, kó wá. Ọmọ tó ti mọ ẹni náà mọ bísíkíìtì á máa wo ọwọ́ rẹ̀ dípò ojú rẹ̀.

Kí ni wọ́n á wá máa ṣe? Kì í ṣe ìwàásù. Kì í ṣe pé kó gbé ọmọ jókòó síwájú kó máa bi í pé báwo ni ilé-ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe ló dára jù, èyí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó ní òpin. Ẹ jẹ́ ká mú jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé yín, ká ní ọ́ìlì rẹ̀ ti dúdú. Àbúrò yín kò ní gbé e lọ fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n gbé e síta gbangba, kó má wà lẹ́nu ọ̀nà tàbí lábẹ́ fèrèsé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń pani. Kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè rọ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró títí kò fi ní jó ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Ọmọ ni kó gbé abọ́ sábẹ́, ọmọ ni kó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Á kọ́kọ́ yí i síbi tí kò yẹ. Níbí yìí ni iṣẹ́ bàbá wà: kí ọkùnrin náà má já sípánà gbà. Kó ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú ara rẹ̀. Tí kò bá tíì tú, kó bi í pé, "Apá ibo ló ń yí sí yẹn?" Tí nọ́ọ̀tì bá bọ́ sínú iyanrìn, "Ó ti bọ́. Ibo lo rò pé ó yí lọ?" Kí wọ́n jọ wá a.

Nígbà tí ọ́ìlì bá ń ro, kó bi í pé kí ló rò pé ó sọ ọ́ di dúdú. Kó jẹ́ kó ronú, kó má tètè dáhùn fún un. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dí ìsàlẹ̀, kí wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun títí dé ojú àmì, kí ọmọ fi igi ìwọ̀n wò ó fúnra rẹ̀; tó bá kọjá àmì, ẹ̀rọ á máa tú èéfín funfun. Kí wọ́n tú pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀gbin orí rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 lè má lágbára tó láti dá fa okùn, kí àwọn méjèèjì jọ dì í mú. Tó bá dún, ohun tó rí lójú ni kó fi yìn ín: "O kò kánjú lórí nọ́ọ̀tì yẹn rárá, mo rí i." Ó sàn ju "o mà gbọ́n o" lọ, nítorí ọmọ mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi yìn ín, á lè ṣe é padà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kó ní kí ọmọ fi ohun tó rántí han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Mo fi ara balẹ̀ lórí èyí nítorí pé nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ojú kò kojú, ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu ọmọkùnrin. Ó lè ṣàdédé sọ pé, "Dádì náà máa ń ha á báyìí." Kí àbúrò yín má yí ọ̀rọ̀ padà. "Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ó ti tó. Kó dákẹ́ díẹ̀, bóyá ó ṣì kù. Tí ọmọ bá bú sẹ́kún, kó má sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Kó jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ ìbáwí ni ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Mavis Hetherington, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpasẹ̀ àwọn ìdílé ní Virginia, rí i pé ọkọ ìyá tó kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́ ọmọ, tó ń ti òfin tí ìyá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn, ni ọmọ ń gbà, ju ẹni tó wọlé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ lọ. Àbúrò yín kì í ṣe ọkọ ìyá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà bá a mu. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣòfin, tirẹ̀ ni láti sọ pé "ohun tí màmá ẹ wí náà ni". Ẹ má sì ṣe fi í dẹ́rù ba ọmọ. "Jẹ́ kí bọ̀dá ẹ dé, á gba ara ẹ" yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré tí ẹ bá sọ ọ́, ọmọ á ti máa fara pamọ́ ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n á máa pè é kò le: bọ̀dá tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa pè é. Ẹ má fi dandan lé "Dádì".

Gbogbo ìbéèrè yín, ọmọkùnrin lẹ bi í lé lórí. Ọmọbìnrin ọdún 13 ńkọ́? Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn mọ bàbá rẹ̀ ju bí àbúrò rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó rántí ohùn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa gbọ́únjẹ, kó máa fọṣọ, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó gbọ́n. Òun náà nílò ọkùnrin àgbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún un, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí, tí kò ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti mọ irú ìwà tó yẹ kí ọkùnrin máa hù sí òun. Kí sípánà dé ọwọ́ òun náà.

Èmi kò mọ àbúrò yín, mi ò sì fi ẹ̀sùn kàn án. Gbogbo ilé ni òfin yìí wà fún. Kí wọ́n máa wà níbi tí ojú ń tó, ìta, pálọ̀, ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ níṣojú rẹ̀ pé kò sí àṣírí láàárín àgbà àti ọmọ nínú ilé yìí, ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀ kò sí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, kí wọ́n wá sọ fún yín, ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹni rere kò ní bínú sí i. Bákan náà tí wọ́n bá ń jà bí eré, tí ọmọ bá ní "ó tó", ó tó nìyẹn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ má fi èsì gún un lójú. Ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àbúrò yín kò ní, ẹ béèrè fún un: "Ẹ̀gbọ́n wa, a dúpẹ́, ẹ ò ní rí ibi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ilé-ìwé wọn níbí. Tí wọ́n bá gba ọlidé, àwọn méjèèjì á wá lo ọjọ́ 10 lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi fi agbo ilé bàbá wọn hàn wọ́n, ẹ bá mi kọ́ wọn ní oríkì orílẹ̀ wọn." Tí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ oríkì náà délẹ̀, àwọn ìyá àgbà agbo ilé á mọ̀ ọ́n, kí ọmọ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kó sì sọ ìtàn bàbá wọn fún wọn bó ṣe rí, pẹ̀lú ibi tó ti ṣe àṣìṣe, nítorí ọmọ kò lè fi ara wé òkú tí wọ́n ti sọ di áńgẹ́lì. Nínú ilé tiyín náà, ẹ má kó fọ́tò rẹ̀ pamọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó jẹ́ ti bàbá, aago, fìlà, ìwé, kó jẹ́ tirẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ń kí ọmọ ọdún 9 ní "Dáwódù, ìwọ ni baálé ilé báyìí", ẹ rọra dá wọn lẹ́kun. Ọ̀rọ̀ Dáwódù wà fún ìgbà tí ogún bá dìde láàárín àwọn àgbà. Ọmọ tó gbà pé òun ni olórí ilé kì í sùn dáadáa. Á máa dìde wo ilẹ̀kùn lóru. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni olórí ilé, tirẹ̀ ni láti fọ abọ́ kó sì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Tí àìsùn, ìtọ̀ orí ibùsùn, àìjẹun tàbí ìjà ilé-ìwé bá wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù kan lọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé níbẹ̀. Tó bá sọ pé òun fẹ́ lọ bá bàbá òun, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Bí ìwé àṣẹ ìrìnnà àbúrò yín bá wá jáde lójijì ńkọ́? Kó má fi papakọ̀ òfuurufú ṣe ibi ìdágbére. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ fún wọn, pé iṣẹ́ ló gbé òun lọ, pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe. Kó sàmì sí Sátidé tó kù lórí kàlẹ́ńdà, kó má pa ìkankan jẹ nínú wọn. Ìpè Wẹ́sídè kò yí padà, aago Ìbàdàn náà ni kó máa tẹ̀ lé, kódà bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú níbi tó wà. Kó sì fi sípánà sílẹ̀ fún wọn.